Ẹni Tí Ń Tẹ̀lé Òòlù Kékeré

Ẹ̀ẹ̀kan ni onígbàjámọ̀ kan irin, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni irin dún.

Ọ̀sán gangan ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ ń kùn nínú ilé, aṣọ fífọ̀ ń gbẹ lórí okùn, òun nìkan ló sì wà lábẹ́ àtíbàbà tó ta sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ti fi ẹ̀mú mú irin pupa kan lé orí owú, irin ńlá tí alágbẹ̀dẹ máa ń gbé iṣẹ́ lé lù. Ó fi òòlù kékeré kan irin náà pẹ́, kí ó fi mọ ibi tí yóò lù. Kí ó tó gbé ọwọ́ sókè láti lù ú gan-an, ó gbọ́ èémí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, "hìn-ìn," bí èémí ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo. Lẹ́yìn náà, gbàm! Irin náà tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tó kàn gan-an, iná sì ta dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òòlù kékeré ṣì wà níbi tó gbé e sí. Ó wẹ̀yìn, ó wo abẹ́ àtíbàbà, ó tilẹ̀ wo òkè. Kò sí ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe pé ebi ló lé ọkùnrin yìí dé ìdí irin o. Orí ló gé fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ títí ó fi fa ṣọ́ọ̀bù lé àwọn tó kọ́ níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó wá jókòó sílé, ó rí i pé ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Ibi tó ti ń wo fídíò lórí fóònù ló ti rí ọkùnrin kan tó ń rọ ọ̀bẹ lẹ́yìn ilé ara rẹ̀, iṣẹ́ náà sì wọ̀ ọ́ lójú. Kò pẹ́ tí òun náà fi ra èédú, tó wá ẹ̀mú, tó sì lọ gba owú àlòkù lọ́wọ́ opó alágbẹ̀dẹ kan ní ìpẹ̀kun ìlú. Ìyá arúgbó náà kò tilẹ̀ dúnàá-dúrà. Ó kàn bi í bóyá ó ní ẹni tí wọn yóò jọ máa lù ú, nígbà tí ó sì ní òun nìkan ni, ó ní kó máa gbé e lọ.

Káfíńtà tó wà ní ilé kejì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé irun ti tán lórí aráyé ni ẹ fi ń gé irin? Alágbẹ̀dẹ tó bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Kí lẹ̀yin ń fà yọ?"

"Ìwọ ṣáà kan pákó rẹ, jẹ́ kí n máa gbádùn ara mi," ni onígbàjámọ̀ ń fún un lésì.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, ló ń gbè é lẹ́yìn. Àìsàn kan ti gbé etí obìnrin náà lọ tipẹ́. Ẹnu ẹni ló fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀: bó bá ti rí ètè rẹ, ó ti mọ ohun tí ò ń sọ. "Nínú gbogbo obìnrin àdúgbò yìí," ló máa ń sọ fún káfíńtà, "èmi nìkan ni Ọlọ́run dá fún ọkọ tó ń lu irin." Ohùn rẹ̀ máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ, torí kò gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, wọ́n ti fọ́n ká. Àwọn méjèèjì ló kù nínú ilé, ìka ọwọ́ ọkùnrin náà sì ni okùn tó so wọ́n pọ̀. Bó bá fẹ́ bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, yóò fi ìka kan èjìká rẹ̀ pẹ́pẹ́, obìnrin náà yóò yíjú sí i. Láàárọ̀, ìka yẹn ló ń jí i. Bí inú wọn kò bá dùn síra wọn, ìka yẹn náà ló ń bẹ̀bẹ̀.

Ṣé ó yẹ kí onígbàjámọ̀ sá lọ́jọ́ tí irin dún lẹ́ẹ̀mejì? Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣé ó sá? Kò sá. Ó tún irin kì bọná, ó tún kàn án pẹ́. Èémí tún dún. Gbàm! Ẹ̀rù bà á, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń fi odindi ọ̀sán jà fún kí ó tó tẹ̀, ó tẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Inú rẹ̀ dùn. Ohun burúkú lè mọ́ ẹ̀dá lára bí ohun burúkú náà bá ti ń bá a ṣiṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe é, òun àti ohun tí kò rí. Ó rọ ìkọ́ aṣọ, ó rọ ọ̀bẹ, ó rọ ẹsẹ̀ tábìlì fún káfíńtà, ẹni tó wá dákẹ́ yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, agbára yín mà pọ̀ o," ló ní. "Láti ilé mi ni mo ti ń gbọ́ ọ, tí ilẹ̀ ń mì." Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín, ó gba ìyìn iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àṣà kan ló fà á, kò sì mọ̀. Onígbàjámọ̀ kì í ṣàdédé gbé abẹ lé orí èèyàn. Yóò kọ́kọ́ fi ìka kan ibi tó fẹ́ fá, kí oníbàárà má baà ta gìrì. Àṣà yìí ló gbé wọ iṣẹ́ irin. Kì í lu irin láì kọ́kọ́ kàn án pẹ́, bí ẹni ń tọrọ àyè. Irin kò lè ta gìrì, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti mọ́ra kò mọ ìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó ń kọ́ni nínú fídíò ti kìlọ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má fi òòlù kan orí owú lásán, ó ń ba ojú owú jẹ́. Ìkìlọ̀ yẹn ló dì mú jù. Láti ọjọ́ tó ti gbé owú náà délé, òòlù rẹ̀ kò kan án lófìfo rí.

Ìṣó kan ló kọ́kọ́ já a láyà. Ó fẹ́ gbé ìkọ́ tó rọ mọ́ ògiri pálọ̀ fún ìyàwó rẹ̀, kí ó lè máa fi okùn ìwọnṣọ rẹ̀ kọ́. Ó mú òòlù kékeré wọlé, ó kan ìṣó náà pẹ́ kí ó lè dúró. "Hìn-ìn." Ó gbọ́ ọ níbẹ̀, nínú ilé, láàárín àga àti aṣọ fèrèsé. Kí ó tó yọ ọwọ́, gbàm! Ìṣó náà bá ògiri lọ. Ihò tó ṣẹ́ kù tóbi débi pé ó ń rí ilé ìdáná láti pálọ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ ọ, sáré wọlé.

"Kí lẹ fi lu ògiri?"

"Òòlù ló yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́."

Obìnrin náà wo òòlù. Ó kéré bí èyí tí wọ́n fi ń fọ́ èkùrọ́. Ó wo ihò náà, ó sì lọ mú ìgbálẹ̀.

Onígbàjámọ̀ dá òòlù padà sábẹ́ àtíbàbà, ó pinnu pé kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, kò mọ̀ pé ohun tó tẹ̀lé òòlù wọlé kò bá a jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń retí oúnjẹ, ó ń ronú. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń ṣe, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kan tábìlì láìjẹ́ pé ó mọ̀. Èémí ló jí i. Tábìlì là sí méjì. Àwo fọ́ yángá, omi dà sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ dé, ó bá a tó dìde dúró ti tábìlì tí wọ́n ti ń jẹun láti ìgbà tí àwọn ọmọ wọn ń rákò.

Obìnrin náà gbé oúnjẹ sílẹ̀. "Bí oúnjẹ mi ò bá wù yín mọ́, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má fọ́ ilé mọ́ wa lórí."

Nígbà tí obìnrin náà jáde lọ ra òwú, onígbàjámọ̀ gbé tìmùtìmù lé àga àtijọ́ kan lórí. Ó na ìka, ó kan tìmùtìmù náà jẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń kan èjìká ìyàwó rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún rárá. "Hìn-ìn." Àga náà fọ́ túútúú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan já lọ bá ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ láàárín pákó tó fọ́, ó wo ìka rẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ pè é, yóò ju aṣọ fìrìfìrì lójú rẹ̀, tàbí kí ó tan iná kó sì pa á. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò láti àárọ̀ dalẹ́. Ó kó ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá tí àwọn ọmọ fi sílẹ̀, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun.

"Ṣé ewúrẹ́ ni mí," ni obìnrin náà bi í lọ́jọ́ kan, "tí ẹ fi ń ju aṣọ lójú mi?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bóyá ọkọ rẹ̀ á bá a rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ yíjú. Ó dun obìnrin náà, ó dùn ún wọra. Ẹni tí kò gbọ́ràn, bí o kò bá fọwọ́ kàn án, o ti tì í mọ́ inú yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun lóun nìkan. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń kùn títí ilẹ̀ á fi ṣú, àwọn aṣọ tó ń rán sì ń wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó tẹ́ aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó dúró níwájú ọkọ rẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀, ìbínú sì wà nínú omi náà.

"Etí mi ti lọ. Mo gbà fún Ọlọ́run. Ọwọ́ yín ni mo ní kù láyé yìí. Ẹ wá gba ìyẹn náà. Kí ni mo ṣe?"

Kò lè pa á mọ́ mọ́. Ó jókòó síwájú rẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kan ẹnu rẹ̀ dáadáa, ó sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀: irin tó dún lẹ́ẹ̀mejì, ìṣó, tábìlì, àga. Obìnrin náà ń wo ètè rẹ̀ láì ṣẹ́jú.

"Ṣé ẹ rí i?"

"N kò rí i. Èémí rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Ibi tí mo bá kàn ló ń lù."

"Èmi kò gbọ́ nǹkan kan," ló wí. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ṣùgbọ́n mo rí ojú yín. Irọ́ kọ́ lẹ̀ ń pa. Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Láti ìgbà tí mo ti gbé owú yẹn wọlé. Jẹ́ kí n lọ bá opó tó ni ín."

Ó ti ń kánjú. Ó tẹ̀ ba, ó ń wọ bàtà. "Má fọwọ́ kan owú náà o, títí n ó fi dé. N kò tíì mọ ohun tó ń fẹ́." Nígbà tó gbé orí sókè, ìyàwó rẹ̀ ti ń wo ọ̀kánkán ẹ̀yìnkùlé. Ọkùnrin náà jáde.

Opó alágbẹ̀dẹ jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń ká aṣọ. Bó ti rí onígbàjámọ̀ tó kọwọ́ bọ àpò, kò jẹ́ kó kí òun tán.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀, àbí?"

"Ìyá, ta ni?"

Obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbúrò ọkọ mi ni. Àwọn méjì ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọkọ mi ló ń mú òòlù kékeré, òun ló ń júwe. Ibi tó bá kàn ni àbúrò rẹ̀ á fi òòlù ńlá lù. Bí àwọn alágbẹ̀dẹ ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀ nínú fídíò. Ṣùgbọ́n irin ni wọ́n ń lù, Ìyá. Èyí ń lu ohun gbogbo."

"Fídíò kò sọ fún ọ pé ó fọ́jú. Iná iṣẹ́ ló jẹ ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí ìyẹn. Etí ló fi ń ríran. Bó bá ti gbọ́ pẹ́, ibẹ̀ náà ló ń lù, kì í ṣì í." Ó gbé aṣọ kan, ó ká a, ó tún un tú. "Lọ́jọ́ kan, àìsàn gbé ọkọ mi lẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣubú sórí owú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, òòlù kékeré wà nínú ọwọ́ náà, ó sì ń kan àyà ara rẹ̀."

Onígbàjámọ̀ kò bèèrè ìyókù, ṣùgbọ́n ìyá náà sọ ọ́.

"Àbúrò rẹ̀ gbọ́ àmì, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí mo sáré dé, ó ń mí hìn-ìn, hìn-ìn, ó ń lù. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó rò pé ọkọ mi ni. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, irin yìí mà rọ̀ o.'"

Ẹnìkan ń fọ ìkòkò ní yàrá kejì, ó ń kọrin.

"Wọ́n ní àmì ìdádúró," ni opó náà tún wí. "Bí iṣẹ́ bá parí, ọkọ mi á fi òòlù kékeré kan orí owú lásán. Bí àbúrò rẹ̀ bá ti gbọ́ ohùn owú yẹn, á gbé òòlù ńlá sílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò gbọ́ ọ. A gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń na etí. A gbé oúnjẹ fún un, ó ń na etí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kú. Kò tíì ṣíwọ́."

"Kí ló dé tí ẹ̀yin kò kàn án fún un?"

Ojú ìyá náà le. "Bó bá gbé òòlù sílẹ̀, yóò fọwọ́ kan ohun tó lù. Yóò wá mọ̀. Ọmọ ọwọ́ ni mo ti tọ́ ọ dàgbà. Mo ní kó kúkú máa dúró bẹ́ẹ̀."

"Ẹ wá gbé e fún mi."

"Ìwọ lo ní o dá wà! Ẹni tó dá ń lu irin, ta ló ń júwe fún? Èmi kò mọ̀ pé ìwọ á máa kàn án kí o tó lù ú."

Onígbàjámọ̀ rántí gbogbo orí tó ti fá láyé rẹ̀, bó ṣe fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí ó tó gbé abẹ lé e. "Ṣé owú mìíràn kò lè ṣe é?"

"Ohùn èyí nìkan ló mọ̀. Lọ kàn án, kí o tú u sílẹ̀. Èmi kò lè ṣe é. Ìwọ kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ìfẹ́ kankan."

Ó sáré débi tí ẹsẹ̀ àgbàlagbà lè sáré dé. Lójú ọ̀nà, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Òun yóò kan owú náà lẹ́ẹ̀kan péré, yóò wọlé, yóò bá ìyàwó rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, yóò na ìka sí èjìká rẹ̀. Kò tíì sí ohun tó wù ú tó ìyẹn rí.

Kò gba ilé kọjá, ẹ̀yìnkùlé ló gbà. Ẹ̀mú wà nílẹ̀, èédú wà nílẹ̀, òòlù kékeré wà lórí àpótí. Ibi tí owú máa ń wà ti ṣófo. Ilẹ̀ ibẹ̀ wọnú, ó tutù, àwọn èèrà sì ń sáré kiri nínú rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ jáde láti inú ilé. Ó ti wẹ̀, ó ti pààrọ̀ aṣọ, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ti ẹni tó ti rí ìwòsàn.

"Mo ti gbé e kúrò," ló ń pariwo. "Ẹ lọ tán, àwọn tó ń kó irin àlòkù kọjá. Mo bẹ káfíńtà, wọ́n jọ gbé e sínú ọkọ̀. Mo ní kí wọ́n má tà á fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n gbé e lọ tààrà síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Káfíńtà bá wọn débẹ̀, ìṣojú rẹ̀ ló ṣe wọ iná. Ó ti di omi. Ó ti tán, Bàbá wọn."

"Mo ní kí o má fọwọ́ kàn án," ni onígbàjámọ̀ wí. Bó ti ń sọ ọ́ ló rántí pé bàtà ló ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀.

Obìnrin náà kò wo ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ó fà á yọ nínú àpò, ọkùnrin náà gbà á padà, obìnrin náà tún dì í mú. Obìnrin tó ti ń fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ ìránṣọ láti èwe, ọwọ́ rẹ̀ kò rọ̀. Ó gbé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lé èjìká ara rẹ̀, ó fi tirẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, ó sì fi ojú pamọ́ sí àyà ọkọ rẹ̀, níbi tí kò ti lè rí ètè ẹnikẹ́ni.

"Fi mí sílẹ̀! Ìyá wọn, fi mí sílẹ̀!"

Igbe náà ń mi àyà rẹ̀, ó sì ń mi orí tó wà lórí àyà náà. Obìnrin náà rò pé ẹkún ni. Ó rọ̀ mọ́ ọn sí i. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ kejì tì í, kò lọ. Ó wá pa gbogbo ara rẹ̀ mọ́ lójú kan, bó ṣe máa ń ṣe bí abẹ bá dé ọ̀nà ọ̀fun oníbàárà. Ọwọ́ yẹn kò gbọ̀n rí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yìnkùlé dákẹ́, aṣọ tó wà lórí okùn kò mì, ìbẹ̀rù sì ń gun apá rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti àyà, ó dé ìgbọ̀nwọ́, ó dé ọrùn ọwọ́. Ìka rẹ̀ kan eegun èjìká obìnrin náà, pẹ́. Ó tún kàn án, pẹ́pẹ́pẹ́.

Ẹnìkan fa èémí lẹ́yìn wọn, "hìn-ìn."

Aránṣọ kò gbọ́ ìyẹn. Ìka nìkan ló mọ̀ lára. Ó rẹ́rìn-ín sínú ẹ̀wù ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé o, tí ẹ tún pè mí."